Ṣé gómìnà ló ń dá yan adájọ́?

Ẹjọ́ òṣèlú kì í parí kí ẹnìkan má sọ pé, "Ṣebí gómìnà ló fi adájọ́ yẹn síbẹ̀!" Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí gómìnà ṣe ń mú kọmíṣọ́nnà náà ló ń mú adájọ́. Irọ́ ni.

Ìwé òfin ọdún 1999 ní ẹni tí NJC, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ní Nàìjíríà, bá dábàá nìkan ni gómìnà lè fi jẹ adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀. Èèyàn 24 ló wà nínú àjọ náà. Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ni alága, ẹni tó tẹ̀ lé e nílé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ni igbákejì. Adájọ́, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì pẹ̀lú, jẹ́ 17 nínú wọn. Lọ́yà 5, àwọn 2 tí kì í ṣe lọ́yà. Kò sí gómìnà níbẹ̀.

Kí orúkọ tiẹ̀ tó débẹ̀, wọ́n á ti kọ̀wé sáwọn adájọ́ pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹni náà. Ó bọ́gbọ́n mu: ta ló tún mọ lọ́yà tí kì í ka fáìlì kó tó wá sí kóòtù ju adájọ́ tó ń jókòó síwájú rẹ̀ lọ?

Ní 2014, Amaechi tó jẹ́ gómìnà Rivers kọ Daisy Okocha tí NJC dábàá fún ipò Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ náà, ó sì búra fún Peter Agumagu. NJC ní kí Agumagu lọ rọ́kún nílé ná. Ọ̀pọ̀ oṣù ni kóòtù fi wà ní títì ní ìpínlẹ̀ náà. (Ẹlẹ́wọ̀n tó ń retí ẹjọ́ ni ìyà rẹ̀ jẹ jù.)

Ọwọ́ gómìnà ò ṣófo pátápátá o. Òun ló ń yan díẹ̀ nínú àjọ ìpínlẹ̀ tó ń kọ́kọ́ ṣa orúkọ jọ, kọmíṣọ́nnà rẹ̀ fún ètò ìdájọ́ sì wà níbẹ̀. Ó tún lè fi ìbúra falẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ ká tẹjú mọ́ kọ́ nìyẹn, lójú tèmi. Nínú àwọn 24 yẹn, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ló ń yan 19, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ló ń dábàá àwọn lọ́yà 5. Ẹni tó bá ń ráhùn pé ọmọ adájọ́ ló ń di adájọ́, kó yéé fi gómìnà ré. Àbújá ni kó kọjú sí.