Àtúnṣe: Kò sówó ọ̀fẹ́ nínú ríra ìpín nítorí èrè

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp láàárín àwọn oníṣòwò Dùgbẹ̀ àti Bódìjà: bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ san èrè (dividend) ₦2 lórí ìpín (share) kan, ra ìpín náà lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìsanwó, gba ₦2 rẹ, kí o sì tà á padà. Irọ́ ni.

Ọjọ́ ìsanwó kọ́ ló ń pinnu ẹni tó máa gbowó. Iléeṣẹ́ á ti kéde ọjọ́ kan ṣáájú, èyí tí wọ́n ń pè ní qualification date. Bí o kò bá tíì ra ìpín títí ọjọ́ yẹn fi kọjá, ẹni tó tà á fún ọ ló ni èrè.

Ká ní o tiẹ̀ rà á lásìkò ńkọ́? Ibí yìí ni wọn kì í sọ. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ọjà ìpín Nàìjíríà, NGX, máa ń yọ iye èrè náà kúrò lára owó ìpín. Ìpín ₦40 á di ₦38. Ìjọba náà á yọ owó orí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦1.80 ló máa kù fún ọ. Lórí ìpín 1,000, ₦40,000 rẹ ti di ₦39,800, a ò sì tíì ka owó alágbàtà, tó ń gbà nígbà tí o rà àti nígbà tí o tà. Lẹ́yìn náà, ìpín lè gbówó lórí, ó sì lè já wálẹ̀ sí i.

Ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù e-dividend pẹ̀lú BVN yín, kí èrè lè wọ báǹkì tààrà.