Èdè Tó Yọ̀ Mọ́ Yín Lẹ́nu Ni Kí Ẹ Bá Ọmọ Sọ

Lọ́jà Ọba, Adó-Èkìtì, lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà kan ń ṣa ẹ̀wà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì jókòó tì í. "Èyí ńkọ́?" Ọmọ náà ní, "Kúta." "Ẹ̀hẹ́n, òkúta ni. Òkúta máa ń ká eyín. Jù ú nù." Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀wà fi mọ́. Ní ìsọ̀ kejì, ẹgbẹ́ ọmọ yìí tẹjú mọ́ fóònù ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a gbọ́ tí wọ́n bá a sọ ni "Sit down."

A ò bá ìyá yẹn wí. Ọjà ló ń tà. Ohun tó ń dùn wá ni ìgbàgbọ́ tó ti gbilẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló yẹ kí ọmọ máa gbọ́ nílé. Òbí tó lè fi Yorùbá ròyìn iyán gígún láti orí iṣu bíbẹ títí tí kò fi ní kókó mọ́, "come" àti "stop it" nìkan ló wá kù lẹ́nu rẹ̀. Ó ya odi sí ọmọ ara rẹ̀, ebi ọ̀rọ̀ sì ń pa ọmọ náà.

Látinú oyún ni ọmọ ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Bó bá dáyé tán, kó wí, kí a dá a lóhùn, ohun tó ń là á lóhùn nìyẹn. Fóònù kì í dúró gbọ́ tẹnu ọmọ. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ka iwájú fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹni tó ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, kó rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ìjọba Èkìtì fòfin de ilé-ìwé jẹ́léósinmi tó bá ń na ọmọ tàbí tó ń gba owó ìtanràn nítorí Yorùbá. Kí àwọn nọ́ọ̀sì máa sọ fún ìyá ọlọ́mọ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára pé kó máa fi Yorùbá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ti ọmú. Nílé, bí ẹ bá ń wẹ̀ fún un, ẹ dárúkọ apá, ẹ dárúkọ ẹsẹ̀. Bó bá ní "omi," ẹ bi í bóyá omi tútù ló fẹ́ mu, kí ẹ sì dúró kó fèsì. Bí ìyá àgbà bá sì ń fi ohùn Èkìtì bá a sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i lọ́wọ́.