Union Jack lórí ààfin kò sọ pé Kábíyèsí wà nílé

Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ará wa á ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba, á lọ dúró sẹ́nu géètì ààfin Buckingham, á tan fídíò, á na ìka sókè: "Ẹ wo Union Jack bó ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́, Kábíyèsí wà nílé o!" Irọ́ ni. Bí Union Jack, àsíá Ìlú Ọba, bá wà lókè, ọba ti jáde nìyẹn.

Royal Standard ni àsíá tó ń sọ pé ọba wà nínú ilé. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Kìnnìún wúrà mẹ́ta lórí pupa, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lókè lápá ọ̀pá, ó sì tún wà nísàlẹ̀ lápá kejì. Kìnnìún pupa kan tó nàró, ti Skọ́tláǹdì, wà lókè lápá kejì. Dùùrù wúrà lórí búlúù, ti Áyálándì, wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀pá. (Ti Wéèsì kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ má bi mí.) Bí ọba bá ń wọlé, wọ́n á ta á sókè, bó bá jáde, wọ́n á fà á wálẹ̀, Union Jack á gba ipò rẹ̀. Bí kò bá sí atẹ́gùn, tí àsíá wé mọ́ ọ̀pá, ẹ ṣáà wá àwọ̀ wúrà. Union Jack kò ní in. Pupa, funfun àti búlúù nìkan ni tirẹ̀.

Àṣà yìí gan-an kò tíì pẹ́. Kí 1997 tó dé, bí Ọbabìnrin Elizabeth kò bá sí nílé, òfìfo ni ọ̀pá ń wà. Nígbà tí Diana, tó ti fẹ́ Charles ọmọ Ọbabìnrin rí, kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Balmoral ní Skọ́tláǹdì ni Ọbabìnrin wà, ọ̀pá sì ṣófo bí ìlànà ṣe wí. Inú bí àwọn èrò tó wà lẹ́nu géètì: ṣé ààfin ò ṣọ̀fọ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ Royal Standard kì í wá sí ìdajì ọ̀pá, tí í ṣe àmì ọ̀fọ̀, láéláé, torí ìtẹ́ wọn kì í ṣófo: bí ọba bá ti wàjà, àrólé ti jẹ lójú ẹsẹ̀, kò sí pé adelé ń jókòó dè é. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, bí Ọbabìnrin ṣe ń lọ síbi ìsìnkú ní Westminster Abbey, wọ́n ta Union Jack sí ìdajì ọ̀pá. Láti ìgbà náà ló ti di àsíá "ọba ò sí nílé."

Ọ̀rọ̀ náà tún hàn ní 2022. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, Elizabeth wàjà ní Balmoral, Union Jack wá sí ìdajì. Lọ́jọ́ kejì Charles wọ ààfin, Royal Standard sì gun òkè pátápátá, nínú ọ̀fọ̀ náà.

Wọ́n á ní àsíá ìlú ni Union Jack, ọba ló sì nìlú. Ó dáa. Ó wà lórí ilé iṣẹ́ ìjọba káàkiri Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé ọba wà nínú gbogbo wọn ni?

Lóòótọ́, Royal Standard pàápàá kò sọ pé ibẹ̀ ló ń sùn. Clarence House, ilé mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Charles ń gbé, iṣẹ́ àtúnṣe ti wà nínú Buckingham láti 2017. Àwọn kan máa ń ka ẹ̀ṣọ́ iwájú: mẹ́rin bó bá wà, méjì bí kò bá sí. Àsíá ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ ààfin Windsor lẹ lọ, orí Round Tower, ilé ìṣọ́ roboto ibẹ̀, ni àsíá máa ń wà.