Ta lò ń ṣe alárenà fún?

Lánàá ni ọmọkùnrin kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó kí mi dáadáa, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń ka ohun tí mò ń kọ nípa maṣíìnì ìránṣọ. Ó wá ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló lẹ ń pa lóṣù nínú affiliate yìí? Èmi náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn tó ti bi mí ní ìbéèrè yìí á tó ogún. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó bi mí pé kí ni mò ń tà, tàbí ta ni mò ń tà á fún. Èló ni gbogbo wọn fẹ́ gbọ́. N kò bínú sí wọn o, torí ìbéèrè tí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì tipasẹ̀ rẹ̀ pàdánù ohun tí owó kò lè rà padà. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, lálẹ́ yìí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù tán.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ alárenà ni affiliate marketing. Ilé ìtajà kan á fún èèyàn ní líǹkì tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá gba orí líǹkì yẹn wọlé tó sì ra ọjà, wọ́n á yọ ìdá kan nínú owó náà fún ẹni tó ni líǹkì. Alárenà kò kó ọjà pamọ́, kò gbé e ránṣẹ́, kò gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ó kàn mú ẹni méjì mọ ara wọn ni. Ọdún 1996 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Àwọn kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ wa níbí, Jumia àti Konga náà ti gbé tiwọn jáde.

Àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Kí alárenà tó ya ẹnu ẹ̀ fún ìdílé ọkọ pé ọmọ lágbájá dára, á ti wádìí ìdílé ìyàwó dé gbòǹgbò: ṣé àrùn kan kò sí nínú ẹbí wọn, ṣé gbèsè kò sí lọ́rùn wọn, ṣé wọn kì í jà kiri. Bí ìgbéyàwó yẹn bá wá dàrú, ta ni gbogbo ayé ń wò lójú? Alárenà ni. Ẹ̀bùn tí wọ́n fún un kò lè tó ìtìjú tó máa jẹ. Nítorí náà, kó tó ronú kan ẹ̀bùn, á ti mọ ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe lóore.

Ohun tí èmi kò ṣe ní 2021 nìyẹn. Iṣẹ́ ti dákẹ́ látìgbà kòrónà, àwọn aṣọ ẹbí tí à ń rán lọ́pọ̀ yanturu tẹ́lẹ̀ kò wá mọ́. Mo san owó wọ inú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ní àwọn fi ń kọ́ni ní affiliate. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rí i pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wa kò ju bí a ó ṣe ta ẹ̀kọ́ náà fún ẹlòmíràn lọ. Ìdajì owó ni ti ẹni tó bá tà á. Wọ́n ní ká máa gbé alert owó sórí status WhatsApp wa láràárọ̀, kó lè máa wọ àwọn èèyàn lójú. Mo ń gbé e. Àwọn tí wọ́n ti ń wo aṣọ tí mo rán lórí status mi láti ọdún mẹ́ta, alert ni wọ́n wá ń wò.

Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, ló ra ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ mi. Owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló fi rà á, ₦40,000. ₦20,000 wọ àpò mi ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kò rí ẹyọ kan tà. Kò bú mi, kò sọ nǹkankan. Nígbà tó ṣe ìkómọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbé aṣọ ẹbí rẹ̀ fún ẹlòmíràn rán. Èmi àtiẹ̀ kì í rán aṣọ òde láìpe ara wa. Fọ́tò ni mo fi mọ̀. Mo dá ₦20,000 náà padà ní ìgbà méjì, ó gbà á, ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n títí dòní, tó bá pè mí, ó máa ń sọ ìdí tó fi pè mí kíákíá, bí ẹni tó pe àlejò.

Mo pa gbogbo ẹ̀ tì. Mo gbájú mọ́ aṣọ rírán.

Níbẹ̀rẹ̀ 2022, ọmọ iṣẹ́ mi kan tó ti gba òmìnira, tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, pè mí. Ó ní: "Ọ̀gá mi, wọ́n ń polówó maṣíìnì industrial fún mi. Ṣé jẹnẹ kékeré mi á gbé e?" Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré jáde, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní I better pass my neighbour, mo so maṣíìnì tèmi tó ní clutch motor mọ́ ọn. Bí mo ṣe tan maṣíìnì báyìí, ohùn jẹnẹ wálẹ̀, gílóòbù òkè orí mi pọ́n, jẹnẹ ń gbọ̀n lórí sìmẹ́ńtì títí tó fi yí ẹ̀yìn sí mi, ó sì kú. Mo tún un tàn, ó tún kú. Mo wá bẹ aládùúgbò mi tó ní maṣíìnì tí wọ́n fi servo motor sí. Jẹnẹ kan náà gbé e, kò tilẹ̀ yí ohùn padà.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò le. Clutch motor, láti ìgbà tí a bá ti tàn án ló ti ń yí, bóyá à ń rán nǹkan o, bóyá a dúró tí à ń gé òwú o. Ariwo rẹ̀ kì í dákẹ́, ó sì ń jẹ iná lọ. Servo motor kì í yí àfi tí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì. Ẹni tí iná ìjọba kì í sábà bá nílé, tó ń fi epo rán aṣọ, ìyàtọ̀ yẹn lè jẹ́ èrè orí bùbá kan lójúmọ́. Ẹni tó ń ta maṣíìnì kò sì ní sọ ọ́ fún un.

Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Mo wá rò ó pé kò lè jẹ́ òun nìkan ló ń ṣe kàyéfì yìí, mo bá kọ ọ́ ní Yorùbá sórí Facebook, mo fi fọ́tò jẹnẹ àti ti motor méjèèjì sí i. Ṣe ni ìbéèrè ń rọ́ wọlé. Ti maṣíìnì orí dúdú tí à ń fi ẹsẹ̀ wà ńkọ́? Ṣé wọ́n lè gbé motor sí i? Ti maṣíìnì tó ń ká etí aṣọ ńkọ́? Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé àwọn ilé ìtajà kan ń fúnni ní líǹkì.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni n kò fi rí kọ́bọ̀. Èyí tó máa ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nìyí, mo sì fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń ka èyí: wákàtí 24 péré ni Amazon fi ń rántí pé alárenà ló mú oníbàárà wá. Bí oníbàárà bá wò ó lónìí, tó lọ tọ́jú owó, tó wá padà tààrà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí ìpín fún alárenà. Bí ojú bá ti mọ ojú, alárenà á yẹ̀bá, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló sì ń ra maṣíìnì industrial láàárín wákàtí 24? Àwọn tèmi, àjọ ni wọ́n ń dá kí wọ́n tó rà á. Ẹlòmíràn ka ọ̀rọ̀ mi ní oṣù Kẹta, oṣù Kẹsàn-án ló tó rajà. Mo mọ ọ̀pọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ mi rà á tí n kò rí nǹkankan gbà nínú ẹ̀.

Bí owó ni mò ń kà, oṣù kẹrin ni mi ò bá ti dáwọ́ dúró. Ìbéèrè ni mò ń kà. Mo yí ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà padà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn: lọ́wọ́ iwájú, igbá àyà, gígùn apá, ìbàdí, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ohun tí àwọn aránṣọ bi mí. Ìgbà tí ₦2,150 àkọ́kọ́ wọlé ní oṣù karùn-ún, ìbéèrè mọ́kànlélọ́gọ́ta ti wà lẹ́yìn ìwé náà, mo sì ti dáhùn bí ogójì nínú wọn ní kíkọ.

Nígbà tó di May 29, 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦185 di nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Gbogbo télọ̀ tó ń lo jẹnẹ ló ń wá bí yóò ṣe dín epo kù. Ohun tí mo kọ láti ọdún tó ṣáájú ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n. Wọ́n ń pín in láti ẹgbẹ́ aránṣọ kan sí òmíràn, ọ̀pọ̀ tó ń fi í ránṣẹ́ sí mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Owó oṣù yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e ni mo fi san owó ṣọ́ọ̀bù.

N kò ní tan ẹnikẹ́ni, kò rí bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó bá sì gbọ́kàn lé ìpín tí ilé ìtajà ń fúnni, orí yanrìn ló kọ́lé sí. Ní oṣù Kẹrin 2020, Amazon gé ìpín orí àga àti ohun èlò inú ilé láti 8% sí 3%. Èmi náà jí ní ọjọ́ kan rí i pé ilé ìtajà tí mò ń bá ṣe ti gé tèmi láti 9% sí 4%. Nínú ẹgbẹ́ tí àwa alárenà jọ wà, àwọn kan fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dùn mí, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè márùn-ún wà nílẹ̀ tí n kò tíì dáhùn, àwọn tó bi mí kò sì mọ ohunkóhun nípa 9%.

Ẹnìkan tún wá bá mi tó fẹ́ fún mi ní 15% lórí maṣíìnì kékeré oníke kan, àwọn tó ń lo bátìrì, tí wọ́n ń fi obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín polówó rẹ̀. Mo ní kó gbé ẹyọ kan wá. Mo ká ańkárá sí méjì, mo rán an: òwú ìsàlẹ̀ dì mọ́ra bí irun tí kò rí òòyà. Mo gbé etí aṣọ òkè sí i, abẹ́rẹ́ ṣẹ́. Mo dá a padà fún un. Mo sì kọ ohun tí mo rí, láìdárúkọ rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, ìyá, ebi ń pa èèyàn, ète rere kò ṣeé jẹ. Òótọ́ ni. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Ìdí tí mo fi ní kí èèyàn má fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún affiliate nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbé owó ilé ìwé ọmọ lé e lórí, lóṣù tí ọjà kò bá tà, ọ̀ràn-anyàn ni kó parọ́. Abẹ́rẹ́ mi ló ń bọ́ mi, òun ló jẹ́ kí n lè wo 15% lójú kí n sì sọ pé rárá.

Àwọn èèyàn tún máa ń pa affiliate pọ̀ mọ́ MMM, ètò tí wọ́n ní owó èèyàn á fi gbèrú kíákíá, n kò sì bá wọn wí. MMM náà ń fún ẹni tó bá mú èèyàn wá ní 10%, títí wọ́n fi ti owó àwọn èèyàn pa ní oṣù Kejìlá 2016. CBEX, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, tún wá ṣe tiẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025, níbí ní Ìbàdàn, ojú wa ló ṣe. Èyí tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé, bí èèyàn tuntun kò bá wọlé mọ́, ṣé ọjà kan ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnìkan máa lò? Maṣíìnì wà. Nínú ẹ̀kọ́ tí mo tà fún ọ̀rẹ́ mi, kò sí nǹkankan.

Lókè gbogbo ohun tí mo bá kọ, mo máa ń kọ ọ́ báyìí: bí ẹ bá gba ibí rà á, wọ́n á fún mi ní owó díẹ̀, iye tí ẹ máa san kò ní torí ẹ̀ lé sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin ló ní kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n sọ fún mi pé á lé oníbàárà sá. Ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ kọ̀wé sí mi pé nítorí pé mo sọ ọ́ ni òun ṣe dúró di ìgbà tí owó òun pé, tí òun tún padà wá wá líǹkì mi.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ọmọkùnrin tó bi mí léèrè. N kò sọ iye owó fún un. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó ní òun ń tún fóònù ṣe ní Ṣàgámù. Mo ní: "Kí ni àwọn oníbàárà máa ń bi ẹ́ jù, tó jẹ́ pé o ti dáhùn ẹ̀ títí ó ti sú ẹ?" Kò fèsì fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ṣájà ló ń sọ: bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé fóònù olówó ńlá tí ojú ihò ṣájà rẹ̀ ti jó wá bá òun, bí òun ṣe máa ń ki ṣájà tuntun bọ iná kí òun sì fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òun tó fún oníbàárà, irú okùn tí òun kì í tà rárá. Mo ń gbọ́ ariwo ọ̀kadà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ẹnìkan tó ń pè é, tó ní kó dúró ná.

Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ yẹn, kó fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di Sátidé.