Ajá mi ń bẹ, koríko mi ń bẹ

Bọ̀dá mi àgbà wá kí mi láti Ọ̀fà lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi nawọ́ sí iwájú ilé mi ní Gáà Àkànbí, ní Ìlọrin níbí: “Wo ilẹ̀ yìí bó ṣe rí ṣágiṣàgi. Ajá àti koríko kì í gbélé kan náà. Mú ọ̀kan nínú méjèèjì.” Àgbà ni wọ́n, mi ò fèsì. Mo gbé omi tútù fún wọn, mo béèrè àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di àárọ̀ yìí, torí irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ajá lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá.

Ọmọkùnrin tó ń bá mi gé koríko ni. Ọmọ dáadáa ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Lóṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, ó rí i pé Tanímọ̀la, ajá mi, ti hú ìdí òdòdó ixora tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Kò sọ fún mi. Ó lọ ra káńfọ̀ funfun, èyí tí à ń kó sáàárín aṣọ, ó sì jù ú kiri ìdí òdòdó, torí ẹnì kan sọ fún un pé òórùn rẹ̀ á lé ajá.

Òórùn yẹn ò lé ajá kankan. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, Tanímọ̀la ò wá pàdé mi ní géètì. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti bá a, itọ́ ń já wálẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ti bì sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Mo gbé ètè rẹ̀ sókè. Èrìgì tó máa ń pupa ti ṣì pátápátá, ó rí bí ẹ̀kọ tútù. Nínú èébì yẹn ni mo ti rí hóró káńfọ̀ kan tí kò tíì yọ́ tán, ojú eyín ṣì wà lára rẹ̀.

Mo gbé e jáde láti lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Oníkẹ̀kẹ́ méjì dúró, wọ́n wo ohun tí mo gbé dání, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹ̀kẹta ló tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sẹ́yìn, ó ní kí n wọlé kíá. Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Dókítà ẹran ṣàlàyé fún mi pé oògùn tó wà nínú káńfọ̀ máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, pé hóró kan ṣoṣo lè pọ̀ jù fún ajá kékeré. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa omi sí i lára. Gbogbo rẹ̀ torí ixora mẹ́rin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún ara yín pé káńfọ̀ dáa, pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò dáa, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ọ́ìlì yẹn pàápàá á pa koríko tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ dà á sílẹ̀.

Ajá tó ń hú ilẹ̀ kì í ṣe ajá burúkú. Ooru ló ń mú un. Kò ní òógùn lára bíi tiwa, ahọ́n ló ń yọ síta kó lè mí ooru jáde, ó sì mọ̀ pé abẹ́ ilẹ̀ tutù. Bárò iyanrìn méjì ni mo dà sábẹ́ máńgòrò, mo ń bu omi wọ́n ọn. Ibẹ̀ ló ń hú báyìí. Òdòdó ti wà nínú táyà tí mo tò lérí ara wọn. Ẹsẹ̀ ògiri ibi tó ti ń sáré gbó àwọn tó ń kọjá, mo ti gbà pé koríko ò ní hù níbẹ̀ láéláé, òkúta wẹ́wẹ́ ni mo kó síbẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀, àràárọ̀ ni mò ń kó o, torí ẹsẹ̀ lásán làwọn ọmọdé fi ń rìn, aràn inú ìgbẹ́ ajá sì lè gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Kì í sì í kọjá géètì. Mo mọ ìlú tí mò ń gbé: aládùúgbò mi tó ti ṣe àlùwàlá tán ò fẹ́ kí imú ajá kan aṣọ òun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ó wá ku àwọn àpá gbígbẹ tí bọ̀dá mi nawọ́ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọ̀kan. Ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Àárín rẹ̀ gbẹ bí ibi tí iná jó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ yíká tutù yọ̀yọ̀, ó tiẹ̀ ga ju ìyókù lọ. Ó yẹ kí bọ̀dá mi mọ̀ ọ́n, oko la jọ dàgbà sí. Tí èèyàn bá da ajílẹ̀ yúríà lé ìdí àgbàdo gan-an, á jó o. Tó bá jìnnà sí i díẹ̀, ewé á dúdú minijọ. Náítírójìn, èròjà inú yúríà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kan náà ló wà nínú ìtọ̀ ajá. Tanímọ̀la sì jẹ́ abo, ńṣe ló ń lóṣòó, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sójú kan. Omi ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Tó bá ti tọ̀ tán, kí ẹ da omi tó pọ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Nígbà òjò, ẹnikẹ́ni ò rí àpá kan ní iwájú ilé mi.

Ọyẹ́ la wà báyìí. Kànga mi ti lọ sílẹ̀, ọwọ́ mẹruwà ni mo ti ń ra omi kún un. Síbẹ̀ mi ò yé da omi sí ojú ibẹ̀.

Lánàá, ọmọ aládùúgbò mi kan dúró ní géètì pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ kí n tó rí i. Ó wo garawa ọwọ́ mi, ó wo ilẹ̀ tó ń mu omi náà, ó ní: “Àǹtí, ṣé omi yẹn ò dáa ni?”

Mo ní ó dáa. Mo pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, mo bá a gbé e rù.

Láàárọ̀ yìí Tanímọ̀la tún lọ lóṣòó síbẹ̀. Mo gbé garawa dání. Mi ò tíì dà á.