Fáírọ́ọ̀sì kọ́ ló ń pa desktop yín, ẹ fi fọ́màtì sílẹ̀ ná

Ẹ jẹ́ n sọ èyí jáde lónìí torí ó ti sú mi. Desktop ẹnìkan á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdédé kú, tàbí kó pa ara ẹ̀ kó tún tan ara ẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á ní fáírọ́ọ̀sì ni, ẹni tó tẹ̀ lé e á ní fáírọ́ọ̀sì ni jàre, ẹ lọ fọ́màtì ẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n nu gbogbo inú ẹ̀ nù, kí wọ́n fi Windows tuntun sí i. Wọn ò tú u wò o, wọn ò fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná, wọn ò béèrè irú iná tó ń jẹ, fáírọ́ọ̀sì ṣáà ni. Èmi tí mò ń tún nǹkan yìí ṣe n'Ìbàdàn níbí, èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹ̀ tó ń dé iwájú mi, iná ni, àbí ooru, àbí RAM (pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́).

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, Mọ̀mí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Kọ̀ǹpútà wọn ń kú. Ẹnjiníà kìíní gbé e lọ, ó fọ́màtì ẹ̀, ó gbowó, ọ̀sẹ̀ kan péré ló fi ṣiṣẹ́. Ìkejì náà fọ́màtì, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ sórí ẹ̀ bá a lọ, CV àwọn èèyàn, ìwé ètò ìsìnkú, prójẹ́ẹ̀tì ọmọ Poly tó ku ọjọ́ méjì kó fi sílẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo ní Mọ̀mí, ẹ má gbé e wá, èmi ni mò ń bọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò fọwọ́ kan nǹkankan, mo kàn ń wò. Kọ́sítọ́mà kan dé, ojú ewé mẹ́ta ló fẹ́ tẹ̀ jáde, Mọ̀mí fún un ní àṣẹ, printer hùn, gílóòbù orí wa ṣẹ́jú, pàá, kọ̀ǹpútà kú. Mọ̀mí lọgun pé "ẹ wá wò ó, fáírọ́ọ̀sì yẹn tún ti dé!"

Printer léésà ni. Ó ní nǹkan kan nínú tó máa ń gbóná láti fi yan ìyẹ̀fun dúdú yẹn mọ́ bébà, tó bá sì ti fẹ́ gbóná, ó lè fa tó 1000 watt lẹ́ẹ̀kan náà. Òun àti kọ̀ǹpútà jọ wà lórí wáyà ẹ́kítẹ́ńṣọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, UPS tó wà níbẹ̀ (àpótí bátìrì tó yẹ kó gbé iná dúró bí NEPA bá mú un lọ), bátìrì inú ẹ̀ ti kú tipẹ́, ìdúró lásán ló dúró. Power pack tó dáa (àpótí inú kọ̀ǹpútà tó ń pín iná fún un), bí iná bá ṣẹ́jú, ó yẹ kó lè gbé kọ̀ǹpútà dúró fún bíi ìdá kan nínú ọgọ́ta ìdá ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ó kéré lójú yín àbí, ṣùgbọ́n ó tó. Ti Mọ̀mí ti gbó, kapásítọ̀ inú ẹ̀ ti wú bíi puff-puff, kò lè mú nǹkankan dúró mọ́. A pààrọ̀ ẹ̀, a gbé printer lọ sí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lára ògiri (ẹ má kì í bọ UPS o, ẹ ó ba UPS jẹ́), ó parí.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí fọ́màtì fi ń ṣiṣẹ́ nígbà míì. Ṣọ́ọ̀bù ẹnjiníà ní stebiláísà, ó fẹ́ eruku inú ẹ̀ dànù kó tó bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà sinmi lọ́dọ̀ ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, Windows tuntun ò sì tíì ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Ara ẹ̀ á yá. Ẹ gbé e délé, ẹ kì í bọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì àná, àìsàn àná padà.

Kò kúkú ṣe pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí purọ́. Ní 2003, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Blaster jáde, ó bá Windows XP jà, 2004 ni Sasser tẹ̀ lé e, bí wọ́n bá ti wọlé, àpótí kékeré kan á gbé ojú sókè, á máa ka 60 wá sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì pa ara ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sí kàfé nígbà yẹn á rántí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, ìyẹn ń kìlọ̀, ó ń kà á fún yín. Ti ìsinsìnyí, páswọ́ọ̀dù yín ló ń wá, ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wà ní títàn ni, olè wo ló máa jalè nínú ilé kan tí á máa lé ara ẹ̀ síta ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá? Kódà èyí tó tóbi jù tí gbogbo wa rí, 19 July 2024, tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows gbé ojú búlúù wá (ojú tí Windows fi ń sọ pé òun ti dákú) tí bàálù ò lè gbéra, àpdéètì CrowdStrike ló fà á, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n gbà kó máa lé fáírọ́ọ̀sì. Ẹ̀ṣọ́ ló ṣubú lu onílé.

Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ á ṣí Event Viewer (ìwé tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i sí), wọ́n á rí àkọsílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Kernel-Power 41, wọ́n á ní àwọn ti rí i. Ẹ ò tíì rí nǹkankan. Ohun tí 41 ń sọ ò ju "mo kú láìdágbére" lọ, kò sọ ohun tó pa á. Bí BugcheckCode inú ẹ̀ (nọ́ńbà àṣìṣe tó dá Windows kú) bá jẹ́ 0, Windows ò ráyè kọ nǹkankan sílẹ̀ kó tó kú nìyẹn, ẹ yáa kọ́kọ́ wo iná àti ooru. Bó bá jẹ́ ojú búlúù ló gbé wá, ìyẹn yàtọ̀, ẹ wo inú fódà C:\Windows\Minidump, ibẹ̀ ni Windows ń kọ ohun tó dá a kú sí, dráífà (ètò kékeré tí Windows fi ń bá ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀) tàbí RAM ló sábà máa ń jẹ́.

RAM kò le. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ RAM, ẹ fi írésà ọmọ iléèwé nu eyín góòlù ẹ̀, ẹ gbọn èérún dànù, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún kẹ́. Ẹ wá fi MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM wò, sí i mọ́jú (bí wọ́n bá mú iná wá o). Àṣìṣe kan ṣoṣo tó bá mú jáde ti pọ̀ jù.

Àbúrò kan sì wà tó ń bá mi jiyàn lóṣù tó kọjá, ó ní tòun fáírọ́ọ̀sì ni dájúdájú. Mo yọ hádì dísíìkì ẹ̀ kúrò pátápátá, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo tan kọ̀ǹpútà, mo wọ BIOS (ètò tó wà lórí bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, kò nílò Windows), a jókòó tì í. Nọ́ńbà ooru ń gùn lójú wa, 71, 80, 93, ìṣẹ́jú 7, ó kú. Mo ní Windows wà lọ́wọ́ ẹ, ibo wá ni fáírọ́ọ̀sì jókòó sí? Ó ronú díẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, àbí ó ti wọnú bọ́ọ̀dù?" Mo ṣí i, fáànù ò yí rárá, wáyà kan ló há sáàárín ẹ̀. Mo yọ ọ́, ó ń yí fẹ̀ẹ̀. Ó dúpẹ́ o, ó ní ṣùgbọ́n tóun bá délé òun ṣì máa scan ẹ̀ sha.