Ajá kọ́ ló pa Tavernier

Ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn pé dáyámọ́ǹdì Hope, òkúta iyebíye aláwọ̀ búlúù, ní ègún, pé Tavernier, ará Faransé kan, jí i lójú òrìṣà ní Íńdíà, tí ajá sì fà á ya, kì í ṣe òótọ́. Oníṣòwò ni. Ó ta òkúta náà fún Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, ó sì ti lé ní ẹni 80 ọdún kó tó kú ní Rọ́ṣíà ní 1689.

Lóòótọ́, wọ́n bẹ́ Louis Kẹrìndínlógún, ọba Faransé tó jogún òkúta náà, lórí. Àmọ́ ìjọba ló dojú dé. Ọ̀pọ̀ tí kò fojú kan òkúta náà rí bá a lọ. Kí aburú ṣe olówó òkúta yàtọ̀ sí kí òkúta fà á.

Harry Winston, oníṣòwò òkúta iyebíye tóun náà ni ín rí, ńkọ́? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Smithsonian, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà, ti gbà á ní 1958 (ilé ìfìwéránṣẹ́ ló fi í rán!), ó sì tún lo 20 ọdún láyé. Ẹ yẹ ìkànnì Smithsonian wò, orúkọ àwọn tó ni ín wà níbẹ̀.